Níbo Ni Àmì Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà Ń Sọnù Sí Lórí Ọ̀rá?

Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí nǹkan kékeré kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ lọ sí ọjà Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogi, ẹ wo gaàrí, kajú yíyan, èlùbọ́ àti oyin tí àwọn ènìyàn wa ń dì tà. Lára àwọn tí wọ́n lẹ sìtíkà bébà mọ́ ìgò tàbí ike, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ sábà máa ń pé. Lára àwọn tí wọ́n tẹ orúkọ sí ọ̀rá gan-an, àmì náà ti lọ, tàbí kí ọ̀kan wà kí èkejì má sí, tàbí kó ti dì mọ́ ìdí lẹ́tà bí ìdọ̀tí. Nígbà mìíràn, ẹnì kan náà ló ni ọjà méjèèjì, orúkọ kan náà ló sì kọ sí wọn.

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ni pé àwọn atẹ̀wé kò ka Yorùbá sí, tàbí pé kọ̀ǹpútà wọn kò ní lẹ́tà wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tó kọ ti sìtíkà náà ló kọ ti ọ̀rá ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ méjèèjì ni kò dọ́gba. Offset ni wọ́n sábà fi ń tẹ sìtíkà bébà, pléètì rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Flexo ni ti ọ̀rá, pléètì rírọ̀ tí lẹ́tà yọ sókè lórí rẹ̀. Lórí pléètì flexo, àmì ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ òpó kékeré tó dá dúró, tí kò ní ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè fẹ̀yìn tì.

N kò ní ṣàlàyé ohun tí àmì náà ń ṣe nínú èdè; gbogbo ẹni tó ń ka èyí ló mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ń já bọ́ ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí, ó sì ṣeé tún ṣe.

## Kó tó kúrò nínú kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá níbí. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà: U+1EB9, U+1ECD àti U+1E63. Fọ́ǹtì tí kò bá ní wọn á fi àpótí òfìfo dípò, ojú á sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó máa ń fara pamọ́ ni lẹ́tà tó gbé àmì méjì lẹ́ẹ̀kan, bíi ẹ́ tàbí ọ̀. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Àmì ohùn, U+0301 tàbí U+0300, ló ń gun orí lẹ́tà náà lọ́tọ̀, fọ́ǹtì tí kò bá sì mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tó ń ṣètò àwòrán ọjà yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà sí outline, ìyẹn àwòrán lẹ́tà tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí fọ́ǹtì ilé ìtẹ̀wé má baà gba ipò tirẹ̀.

Ìṣirò kan wà tí yóò wúlò fún wa níwájú. Point (pt) kan nínú ìwọ̀n lẹ́tà jẹ́ 0.353 mm. Lẹ́tà 8 pt yóò jẹ́ 2.8 mm látòkè délẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí kò ki, fífẹ̀ àmì ìsàlẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn lọ, ìyẹn nǹkan bí 0.28 mm. Bí lẹ́tà bá wálẹ̀ sí 6 pt, àmì náà di 0.21 mm.

## Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti ń kọjá

Pléètì flexo òde òní jẹ́ ike rírọ̀ tí ìtànṣán UV ń mú le. Photopolymer ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1974 ni ilé iṣẹ́ DuPont gbé irú pléètì yìí tí wọ́n ń pè ní Cyrel jáde. Ṣáájú ìgbà náà, rọ́bà ni iṣẹ́ yìí fi ń rìn. Pléètì tó nípọn 1.14 mm tàbí 1.70 mm ló dára jù fún ọ̀rá tí a fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sí, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà tí sílíńdà wọn kò gba ohun tó dín ní 2.84 mm.

Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tan iná UV sí. Ìgbà díẹ̀ ni, ó sì ń mú ìsàlẹ̀ pléètì le kó lè di ilẹ̀ tí gbogbo lẹ́tà yóò dúró lé. Lára pléètì 1.70 mm, ó yẹ kí gíga lẹ́tà láti ilẹ̀ náà wà láàárín 0.6 sí 0.8 mm. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yí pléètì dójú sókè, wọ́n á tẹ́ nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tó ní àwòrán iṣẹ́ náà, lé e, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde kó lè lẹ̀ mọ́ ọn tímọ́tímọ́, wọ́n á wá tan UV gangan fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Níbi tí nẹ́gátíìfù bá ti mọ́ gaara ni ìtànṣán á ti wọlé tí pléètì á sì le. Bí ìtànṣán ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ lẹ́tà fi ń fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Àmì tó máa yè gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ebè iṣu, kí orí rẹ̀ kéré, kí ìdí rẹ̀ gbòòrò, kó sì so mọ́ ilẹ̀ láìsí àlàfo.

Ìgbà náà ni pléètì á wọ inú omi tí ń fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì á máa yí lórí rẹ̀, á máa gbo gbogbo ibi tí kò le kúrò. Nínú gbogbo iṣẹ́ flexo, mo gbà pé ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń yè tàbí tó ti ń kú. Omi náà ti wọ ara pléètì, ó ti wú, ó ti dẹ̀ ju bó ṣe máa rí lẹ́yìn tó bá gbẹ. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro: apá kan ń di apá kejì mú, ẹsẹ̀ wọn sì ti para pọ̀ nísàlẹ̀. Àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ará, kò ní alábàáró. Bí ìtànṣán tó bà á kò bá tó, orí rẹ̀ ti le, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ilẹ̀, ohun rírọ̀ ló wà láàárín. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Búrọ́ọ̀ṣì á kọjá lẹ́ẹ̀kan, àmì á mì. Á kọjá lẹ́ẹ̀kejì, àmì á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tó parí, ó ti bá omi lọ. Èyí tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjá ni ẹ máa ń rí lára ọ̀rá bíi kọ́mà.

Kí ló ń fà á tí ìtànṣán kì í fi í tó? Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni iná UV tó ti gbó. Ojú kò lè rí i, nítorí ó ṣì ń tàn, àwọ̀ búlúù rẹ̀ ṣì wà. Agbára UV inú rẹ̀ ni ó ti lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lo iye ìṣẹ́jú tó lò nígbà tí iná náà jẹ́ tuntun ti ń fún pléètì ní oúnjẹ tí kò yó o. Omi ìfọpléètì tó ti kún fún ìdọ̀tí tún wà níbẹ̀: kì í fọ̀ kíákíá mọ́, búrọ́ọ̀ṣì á wá pẹ́ lórí pléètì ju bó ṣe yẹ. Bí iná ẹ̀yìn bá sì kúrú jù, ilẹ̀ á jìn, àmì á ga fíofío láìnídìí. Òpó tó ga tó sì tín-ín-rín kì í pẹ́ ṣẹ́.

Ẹnìkan á ní kí a kàn fi ìṣẹ́jú kún un. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ìtànṣán bá pọ̀ jù, àwọn ihò tó yẹ kó jìn láàárín lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í dí, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti kọ lẹ́tà funfun sínú àwọ̀. Ìdánwò ni ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n á pín ègé pléètì kan sí ọ̀nà márùn-ún, wọ́n á tan iná sí wọn fún ìṣẹ́jú 6, 8, 10, 12 àti 14, pẹ̀lú àmì 0.2, 0.25 àti 0.3 mm lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú tó kéré jù tí àmì 0.25 mm ti dúró ṣinṣin lẹ́yìn fífọ̀ ni kí wọ́n mú. Bí wọ́n bá pààrọ̀ iná, tàbí bí pléètì bá wá láti páálí tuntun, kí wọ́n tún un ṣe.

Lẹ́yìn fífọ̀, ó ku gbígbẹ nínú ààrò tó gbóná tó 60°C, nǹkan bíi wákàtí méjì, kó sì sinmi mọ́jú kí ara rẹ̀ lè fà padà. Ẹni tó bá ń kánjú máa ń fo ìsinmi yìí, pléètì tó ṣì wú níbì kan tó ti fà níbòmíràn kò sì ní tẹ̀ dọ́gba láé. Ó tún ku UV ìparí, èyí tó ń mú un le tán tó sì ń mú kí ojú rẹ̀ má lẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá pa dà sórí ìṣirò wa. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, pléètì 1.14 sí 1.70 mm lè di àmì tó dá dúró mú bó bá fẹ̀ tó nǹkan bí 0.2 sí 0.25 mm. Pléètì 2.84 mm lè béèrè ìlọ́po méjì rẹ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà 6 pt jẹ́ 0.21 mm. Ẹni tó bá kọ àdírẹ́sì rẹ̀ ní 6 pt sórí pléètì tó nípọn ti pàdánù àmì rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Pléètì dígítà kò sì gbà wá lọ́wọ́ èyí: kò nílò nẹ́gátíìfù, lésà ló ń ṣí ojú dúdú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí etí àmì le tán, àmì á sì jáde ní kékeré ju ti inú fáìlì lọ.

## Lórí ẹ̀rọ

Ká ní àmì náà yè. Ó ku ẹ̀rọ. Rólà anilox ló ń gbé íǹkì wá fún pléètì. Àìmọye ihò wẹ́wẹ́ ló wà lára rẹ̀, abẹ tó dagun ní nǹkan bí 30° ló sì ń há èyí tó bá ṣẹ́kù lójú rẹ̀ kúrò. Bí anilox bá ní ìlà 120 nínú ínṣì kan, ihò kan sí èkejì jẹ́ 0.21 mm. Àmì tó fẹ̀ ní 0.2 mm kò ní rí ibi dúró sí. Inú ihò ló máa rì sí, íǹkì á bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì jáde lórí ọ̀rá bí ẹ̀kán íǹkì ńlá. Bó bá jẹ́ ìlà 200, àlàfo náà jẹ́ 0.127 mm, ihò tó lé ní ọ̀kan ló sì máa gbé àmì náà. Anilox oníhò ńlá tó dára fún àwọ̀ tó gba ojú ọ̀rá kan látòkè délẹ̀ kò dára fún ọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi rólà kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, ọ̀rọ̀ ló ń jìyà.

Títẹ̀ ló tún kàn. Pléètì flexo kò gbọ́dọ̀ ju kó fara kan ọ̀rá lọ, kí a sì fi nǹkan bí 0.05 mm kún un. Bí òṣìṣẹ́ bá rí i pé àwọ̀ ń fọ́ níbì kan, ohun tó máa ń wá sí i lọ́wọ́ ni pé kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Àwọ̀ á dán lóòótọ́. Àmì á wú, á sì fẹ̀ títí yóò fi kan ìdí lẹ́tà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kó tó fọwọ́ kan títẹ̀, kó wò ó bóyá ihò anilox ti dí, bóyá sílíńdà kò yí pé, àti bóyá téèpù tí wọ́n fi lẹ pléètì dọ́gba. Téèpù oní-fóòmù tó rọ̀ ló yẹ ọ̀rọ̀. Èyí tó le ló yẹ àwọ̀ tó gbòòrò. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ọ̀rọ̀ ní pléètì tirẹ̀.

Íǹkì pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Nínú ife Zahn nọ́ńbà 2, ife oníhò nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn bí íǹkì ṣe ki tó, íǹkì ọ̀rá sábà máa ń ṣàn tán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 18 sí 25. Ethanol, ọtí inú rẹ̀ tó ń mú un ṣàn, ń fẹ́ lọ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, íǹkì á ki, á sì dí àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà àti àmì. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń yá ju bí a ṣe rò lọ: íǹkì á gbẹ yí àmì ká lórí pléètì, ìyẹn sì ni ìdọ̀tí dúdú tí ẹ ń rí. N-propanol, ọtí mìíràn tí kì í tètè fẹ́ lọ, díẹ̀ nínú àpòpọ̀ náà á dẹ gbígbẹ rẹ̀ lára. Ọyẹ́ kan náà ló ń mú kí ọ̀rá gba iná mànàmáná sára bó ṣe ń sáré. Bó bá ta pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ethanol, iná ni, torí náà kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ dáadáa. Tí iná ọba bá sì lọ lójijì, kí wọ́n tètè fọ anilox kí wọ́n tó lọ wá jẹnẹrétọ̀. Íǹkì tó bá gbẹ sínú ihò wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn kì í jáde bọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí kò jẹ mọ́ pléètì: ara ọ̀rá fúnra rẹ̀. Polyethylene, ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá, kì í gba íǹkì bó bá wà lásán. Agbára ojú rẹ̀ láti di íǹkì mú, tí wọ́n ń fi dyne wọ̀n, kò ju nǹkan bí 31 lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi corona, iná mànàmáná tó ń ta sójú ọ̀rá, nà án títí yóò fi tó 38 ó kéré tán. Agbára yìí ń lọ sílẹ̀ bí ọ̀rá bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀, nítorí èròjà tó ń mú ọ̀rá yọ̀ máa ń jáde wá sójú. Wọ́n sì máa ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ sí ojú tí wọn kò nà.

## Lẹ́tà funfun nínú àwọ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀rá omi àti ti búrẹ́dì ló fẹ́ràn orúkọ funfun nínú búlúù tàbí pupa. Níbẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ti di ihò, íǹkì sì ń wá láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ láti dí i. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi lẹ́tà tó kéré sí 10 pt tó ki ṣe é, kí àmì rẹ̀ má sì dín ní 0.5 mm. Èyí tó burú jù ni lẹ́tà funfun nínú àwọ̀ méjì tó gun ara wọn. Ọ̀rá máa ń nà lórí ẹ̀rọ. Bí àwọ̀ kejì bá yẹ̀ ní 0.3 mm péré, ó ti bo èyí tó pọ̀ jù nínú àmì náà, lẹ́tà sì wà níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

## Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ọjà

Ẹni tó ń ṣe gaàrí ní Ìyàrá tàbí tó ń di kajú ní Ìsánlú sábà máa ń ránṣẹ́ sí Ìlọrin tàbí Èkó fún ọ̀rá rẹ̀. Á ya fọ́tò ohun tó kọ, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sì tún un tẹ̀ bó ṣe rí i. Bó bá béèrè àmì, èsì tó máa ń gbọ́ ni, "Màmá, kò sẹ́ni tó ń wo ìyẹn." Èsì yìí ni mi ò fara mọ́ rárá. Ilé tí ìwé ìròyìn kì í dé, ọ̀rá ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà ń ka ohun tó wà lára rẹ̀ kó tó mu omi tán. Yàgbà, Ìjùmú àti àwọn ará wa yòókù kò ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀ ní ohùn tiwọn. Ọ̀rá ọjà jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba tó wà, ó sì tọ́ kí orúkọ tí ẹni tó ni ín sọ ọ́ wà lára rẹ̀ ní pípé.

Púpọ̀ nínú àtúnṣe yìí kò sì ní owó nínú. Kí ẹ fi fáìlì PDF ránṣẹ́, kí ó má jẹ́ fọ́tò. Ẹ béèrè bí pléètì tí wọ́n ń lò ṣe nípọn tó àti ìlà anilox tó máa gbé ọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi awò amú-nǹkan-tóbi ka àmì orí pléètì, kí wọ́n fi wé ti inú fáìlì, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ sílíńdà. Àdírẹ́sì àti èròjà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 8 pt ó kéré tán, ní àwọ̀ kan tó dúdú, lórí ojú funfun. Nígbà tí wọ́n bá tẹ mítà àkọ́kọ́, ẹ gba ègé kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ fà á yọ lójijì. Bó bá jẹ́ ọ̀rá omi tutù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi yìnyín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà tí íǹkì bá dúró ni kí ẹ tó san owó tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àwòrán, ọwọ́ yín ni èyí tó rọrùn jù wà. Bí ẹ bá ti sọ ọ̀rọ̀ di outline, ẹ mú àmì ìsàlẹ̀ nìkan, ẹ sọ ọ́ di 140 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì fà á sísàlẹ̀ díẹ̀ kí àlàfo láàárín òun àti lẹ́tà tó 0.3 mm. Bí lẹ́tà bá kéré débi pé ìyẹn kò ṣeé ṣe, ẹ lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́ lò dípò àmì róbótó. Bí ìlà náà bá kan ìdí lẹ́tà, tó fẹ̀ ní 0.25 mm tó sì gùn ní 0.6 mm, kò dá dúró mọ́: ara lẹ́tà ti dì í mú, ẹsẹ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan lórí ilẹ̀ pléètì, búrọ́ọ̀ṣì á sì gba orí rẹ̀ kọjá láìmú un lọ.